Ọjọ́ kíkà ni iṣẹ́ náà: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ kí abo ajá rẹ̀ bímọ

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé Ẹ̀yìnlàárò, abo Alsatian mi, lọ bá akọ kí ó tó lóyún. Ti àkọ́kọ́, ọjọ́ kẹrin tí mo rí ẹ̀jẹ̀ ni mo gbé e sínú ọkọ̀, a gba ilé olákọ lọ. Bí akọ náà ṣe sún mọ́ ọn báyìí ló yíjú padà, ó sì bù ú jẹ létí. Mo mú un padà sílé, mo ń sọ fún ìyàwó mi pé ó jọ pé àgàn ni. Kì í ṣe àgàn. Èmi ni mi ò mọ ọjọ́ kà. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tún dé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo ra ìwé kékeré kan, mo kọ déètì sí i, mo sì fara balẹ̀. Ọjọ́ kejìlá ló fúnra rẹ̀ yí ìdí sí akọ kan náà yẹn, ó gbé ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dúró gbọn-in. Ọmọ méje ló bí, gbogbo wọn ló yè.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, àti ohun tí àwọn dókítà ẹran ti là mí lóye lé lórí láti ìgbà náà. Púpọ̀ nínú àwa tí à ń sin ajá ló máa ń náwó sórí oògùn, tí a ó wá fi ọjọ́ ṣeré. A ó mú abo lọ bá akọ láìtọ́jọ́, a ó ṣi ọjọ́ ìbímọ kà, a ó tún ta ọmọ láìpọ́jọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ra ìwé àti bírò.

Ṣé ajá yìí tiẹ̀ yẹ kó bímọ?

Ajá kékeré bíi Lhasa lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ ní oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Àwọn ńlá bíi Boerboel àti Caucasian lè pẹ́ tó ọdún kan àbọ̀, nígbà míì ọdún méjì. Pé ẹ̀jẹ̀ ti dé kò sọ pé ara ti gbó. Ọmọdé ṣì ni ajá tó rí ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́, egungun rẹ̀ ṣì ń nà, bí ó bá sì lóyún nígbà yẹn, òun àti ọmọ inú rẹ̀ ni wọn yóò jọ máa du oúnjẹ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí ó tó ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ó sì ti tó bí ọdún méjì. Lódìkejì ẹ̀wẹ̀, abo tó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí kò bímọ rí, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìbí rẹ̀ á le.

Ẹ wo ìwà rẹ̀ pẹ̀lú. Ajá tó ń bu ọmọdé jẹ láìnídìí, tàbí tí ẹ̀rù ń bà débi pé ó ń tọ̀ sára nígbà tí àlejò bá wọlé, ọmọ rẹ̀ lè jọ ọ́. Nínú Alsatian, Rottweiler àti Boerboel, egungun itan tí kò jókòó dáadáa nínú ihò ìbàdí jẹ́ àrùn ìdílé, ẹ́síréè sì ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ọdún méjì ni ó dára kí a yà á, nígbà tí egungun bá ti gbó.

Ní ti akọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́: kórópọ̀n méjì ni kó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì dọ́gba. Èyí tí ọ̀kan rẹ̀ sá sínú ikùn, ẹ má fi í ṣe bàbá ọmọ, bó ti wù kó lẹ́wà tó, nítorí ó lè fi àbùkù náà sílẹ̀ fún ọmọ, èyí tó wà nínú ikùn sì lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má mú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò pọ̀, tàbí bàbá àti ọmọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é láti mú kí àwọ̀ tàbí orí ńlá dúró nínú ìdílé ajá wọn. Àrùn tó fara pamọ́ nínú ìdílé náà yóò dúró pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn ajá tí imú wọn pẹ̀tẹ́, bíi Bulldog, iṣẹ́ abẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń bímọ, torí orí ọmọ tóbi ju ọ̀nà lọ. Bí ẹ kò bá ní owó iṣẹ́ abẹ nílẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Ajá ìbílẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín pé ekuke ni, máa ń bímọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo fẹ́ràn wọn ju bí ọjà ṣe fẹ́ràn wọn lọ.

Oṣù méjì ṣáájú

Abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ ti pé kí akọ tó gùn ún: ti dìgbòlugi, àti ti páfò òun distemper, àrùn méjì tó ń pa ọmọ ajá, tí wọ́n máa ń dà pọ̀. A kì í gún abo tó ti lóyún ní àjẹsára tí kòkòrò inú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Àjẹsára ara ìyá sì ni yóò bá wàrà rẹ̀ lọ sára ọmọ. Ẹ fún un ní oògùn aràn. Ẹ bá eégbọn jà títí ẹ ó fi ṣẹ́gun, nítorí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí eégbọn ń gbé kiri nílẹ̀ wa máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ajá gbẹ, aboyún ni kò sì yẹ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ.

Lẹ́yìn náà ni àrùn kan tí ó yẹ kí gbogbo olákọ dá mọ̀, torí ó wọ́pọ̀ láàárín ajá tó ń rìn ìgboro. Kókó ni, ó máa ń hù sójú ara akọ tàbí abo, pupa, rírọ̀, jàgbàjàgbà, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Jẹjẹrẹ ni, àmọ́ ó yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ yòókù ní ti pé ó ń ràn: bí ajá kan bá gun èkejì, wóro ara kókó náà fúnra rẹ̀ ló ń já sí èkejì lára, á sì máa dàgbà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti rò pé abo wọn ń wá akọ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kán sílẹ̀, àṣé kókó yìí ni. Ó gbóògùn o. Abẹ́rẹ́ vincristine ni dókítà ń gún, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì sábà máa ń lọ pátápátá. Àmọ́ ẹni tó bá gba abo wọlé láìṣí abẹ́ ìrù rẹ̀ wò ń fi akọ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ẹ yẹ akọ náà wò bákan náà. Kì í ṣe ẹ̀gàn, olákọ tó mọṣẹ́ yóò fúnra rẹ̀ ní kí ẹ wò ó.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún Brucella náà tọ́ sí àwọn méjèèjì. Kòkòrò yìí ń sọ akọ di aláìlèbímọ, ó ń mú kí oyún wálẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kó pé, ó sì lè ran ẹni tó fọwọ́ kan oyún náà. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB l'Ábẹ́òkúta jẹ́ ibi tí ẹni tó bá wà nítòsí lè kọ́kọ́ béèrè.

Ọjọ́ kìn-ín-ní: ẹ̀jẹ̀ dé

Ojú ara abo yóò wú, yóò máa lá a, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa kán. Àsìkò yìí ni àwọn olówò ajá ń pè ní hítì. Ọ̀pọ̀ ajá ń rí i ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Basenji tó wá láti Kóńgò, ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Àwọn ajá kan mọ́ tónítóní débi pé wọn á lá ẹ̀jẹ̀ náà tán kí ẹ tó jí. Nítorí náà, bí ó bá ti ku díẹ̀ kí oṣù mẹ́fà pé, láràárọ̀ ni mo máa ń fi tíṣù funfun nu abẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí tíṣù bá kọ́kọ́ pọ́n ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Fún bí ọjọ́ 9 àkọ́kọ́, ó lè kéré sí i, ó sì lè tó 17, akọ yóò máa wá a ṣùgbọ́n kò ní gbà. Á jókòó lé ìdí rẹ̀, á kùn, á bu ẹni tó bá fẹ́ fipá gùn ún jẹ. Ibẹ̀ ni èmi ti ṣe àṣìṣe. Lẹ́yìn èyí ni ìwà yóò yí padà. Ẹ̀jẹ̀ náà kò ní pọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, á dà bí omi tí a fi ṣan ẹran. Ojú ara tó le yóò rọ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ha ẹ̀yìn rẹ̀ lókè ìdí ìrù, á gbé ìrù sọ́tùn-ún tàbí sósì, á sì dúró bí ẹni tó ń retí nǹkan. Èyí ni àmì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù, mo sì máa ń dán an wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti ọjọ́ kẹjọ. Àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń pọ́n títí dé ọjọ́ tí akọ yóò gùn wọ́n gan-an, nítorí náà ẹ má fi àwọ̀ nìkan ṣèdájọ́.

Ìdí tí ọjọ́ fi ṣòro mú ni pé ẹyin ajá kì í wúlò lọ́jọ́ tó já. Ó ń gbà á tó ọjọ́ méjì kí ó tó gbó débi tí àtọ̀ fi lè wọ inú rẹ̀. Àánú Ọlọ́run ni pé àtọ̀ ajá náà le: ó lè wà láàyè nínú abo fún ọjọ́ márùn-ún sí méje. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n pàdé, kí ọjọ́ kan máa wà láàárín, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ gbà. Fún ọ̀pọ̀ abo, ọjọ́ 10 sí 14 ló ń bọ́ sí. Abo mìíràn gbà lọ́jọ́ keje, òmíràn kò gbà títí di ọjọ́ 18.

Bí ọ̀nà bá jìn, tàbí bí abo náà bá ti kùnà rí, ẹ san owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wọn progesterone, èròjà ara abo tó máa ń pọ̀ sí i nígbà tí ẹyin bá fẹ́ já. Nígbà tó bá ti dé nǹkan bíi 5 ng/ml, ẹyin ti ń já, ọjọ́ méjì sí i ló dára jù láti mú un lọ. Dókítà tún lè fi owú nu inú ojú ara rẹ̀, kó wo wóro ara ibẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù. Èyí kò wọ́n tó ti ẹ̀jẹ̀.

Ẹ tì í mọ́lé ní gbogbo àkókò yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kódà lẹ́yìn tí akọ tí ẹ yàn bá ti gùn ún. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Akọ tó bá ti gbóòórùn abo kò ní gbọ́ ìpè olówó rẹ̀, á fo fẹ́ǹsì, á walẹ̀ lábẹ́ géètì. Ṣéènì kò sì lè gba abo tó wà níta là, ńṣe ló so ó mọ́lẹ̀ de akọ tó bá kọ́kọ́ dé. Bí akọ méjì bá gùn ún nínú ọ̀sẹ̀ kan náà, àwọn ọmọ inú oyún kan ṣoṣo lè ní bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti rí Rottweiler tó bí ọmọ dúdú mẹ́rin àti ọmọ aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ méjì.

Ọjọ́ tí wọn yóò pàdé

Abo ni kó lọ sílé akọ. Akọ tí a gbé lọ síbi àjèjì á máa gbóòórùn ògiri, á máa tọ̀ káàkiri, kò ní ráyè ohun tí a tìtorí ẹ̀ gbé e wá. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù tàbí nírọ̀lẹ́, torí oòrùn ọ̀sán lè dá akọ tó sanra dùbúlẹ̀. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ ṣáájú, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ̀ kí wọ́n sì yàgbẹ́. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ táìsì tàbí sìmẹ́ńtì dídán, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ síbẹ̀, kí ẹsẹ̀ akọ má baà máa yọ̀.

Ẹ fi okùn mú àwọn méjèèjì ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbóòórùn ara wọn, tí abo ń tẹ àyà mọ́lẹ̀ tó ń gbé ìdí sókè bí ọmọdé tó fẹ́ ṣeré, ẹ tú okùn sílẹ̀, ẹ sún sẹ́yìn. Èrò kò gbọ́dọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ẹni méjì tó: ọ̀kan fún akọ, ọ̀kan fún abo. Àwọn kan máa ń di abo lẹ́nu kí wọ́n sì dì í mú kí akọ lè gùn ún lọ́ràn-an-yàn. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Abo tí kò gbà, ọjọ́ rẹ̀ ni kò tíì pé, tàbí ó ti kọjá, tàbí nǹkan kan ń dùn ún.

Akọ yóò gùn ún, yóò di ìbàdí rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, yóò sì máa yára tì. Nígbà náà ni wọn yóò so. Ìdí nǹkan akọ ní kókó kan tó máa ń wú lẹ́yìn tó bá ti wọlé, ẹran ojú ara abo yóò sì fún un mọ́ra. Akọ yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ẹ̀yìn abo, wọn yóò sì kọ ìdí síra wọn, ọ̀kan wo ìlà oòrùn, ọ̀kan wo ìwọ̀ oòrùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí ọgbọ̀n ni wọ́n sábà máa ń wà bẹ́ẹ̀. Ó lè tó wákàtí kan. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Bí Ọlọ́run ṣe dá ajá nìyẹn, omi tó ń tì àtọ̀ wọ inú ilé ọmọ ló ṣì ń jáde lára akọ ní gbogbo àkókò náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ohun tí à ń ṣe fún ajá tó bá so lójú títì. Àwọn ọmọdé á máa sọ̀kò, àgbàlagbà á gbé omi gbígbóná, ẹlòmíràn á mú igi. Akọ tí a bá fi tipátipá fà yọ nígbà tí kókó náà ṣì wú lè ya, kí ẹ̀jẹ̀ má dá. Abo lè ya nínú. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé kí wọ́n kọjá lọ. Bó bá sì jẹ́ ajá yín ni, ẹ kúnlẹ̀, ẹ di ọrùn àwọn méjèèjì mú jẹ́jẹ́, kí ọ̀kan má baà wọ́ èkejì tàbí kí abo dùbúlẹ̀ lójijì, ẹ máa fọwọ́ pa wọ́n lórí. Wọn yóò tú fúnra wọn.

Bí wọ́n bá tú tán, ẹ wo akọ títí nǹkan rẹ̀ yóò fi padà sínú awọ. Bí ó bá dúró síta, tó ń gbẹ tó sì ń wú sí i, ẹ fi omi tútù rẹ̀ ẹ́ kí ẹ sì pe dókítà kíákíá. Ẹ jẹ́ kí abo sinmi nínú ọkọ̀ tàbí nínú ilé. Bí wọn kò bá so, ẹ má sọ̀rètí nù, ó lè lóyún síbẹ̀, àmọ́ èyí tó so ló dájú jù.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Owó ni olákọ yóò gbà, tàbí ọmọ kan? Bí ó bá jẹ́ ọmọ, ṣé òun ni yóò kọ́kọ́ mú? Bí ọmọ kan ṣoṣo bá jáde ńkọ́? Bí abo kò bá lóyún, ṣé yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́? Ọ̀rẹ́ ti tú ká nítorí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí.

Ọjọ́ 63

Oyún ajá jẹ́ ọjọ́ 63 láti ìgbà tí ẹyin já. Bí ẹ bá kà á láti ọjọ́ tí akọ gùn ún, ó lè bọ́ sí ọjọ́ 58 sí 68. Ẹ kọ ọjọ́ méjèèjì yìí sínú ìwé, ẹ sì fa ilà sí wọn nídìí.

Ikùn kò ní sọ ohunkóhun fún yín ní oṣù àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ 25 sí 30, ẹ̀rọ ultrasound lè fi ọkàn ọmọ tó ń lù hàn yín. Láti ọjọ́ 55, ẹ́síréè yóò jẹ́ kí ẹ ka orí wọn, iye náà yóò sì wúlò gidi lọ́jọ́ ìbí, torí ẹ ó mọ̀ bóyá ó ṣì ku ọ̀kan nínú. Ẹ má jẹ́ kí oyún èké tàn yín o: abo tí kò lóyún lè wú lọ́mú, kí wàrà sì jáde, ní oṣù méjì lẹ́yìn hítì.

Oúnjẹ ni mo ti rí àṣejù jù. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́, iye tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ náà ni kó máa jẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdajì, kí ẹ sì pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, torí ọmọ ti gba àyè ikùn. Ẹ̀bà òun orí ẹja nìkan kò tó. Ẹ fi ẹyin, ẹja tí a ti yọ eegun, ẹran tàbí oúnjẹ ọmọ ajá inú àpò kún un. Àlùbọ́sà kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, ṣokoléètì náà kò gbọ́dọ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má fún aboyún ajá ní kálísíọ̀mù, yálà oníhóró tàbí olómi. Ó dà bí ohun tó dára, àwọn tó ń tà á á sì ní ó ń mú egungun ọmọ le. Ohun tó ń ṣe ni pé ara ìyá yóò gbàgbé bí ó ṣe ń fa kálísíọ̀mù jáde láti inú egungun rẹ̀. Nígbà tí wàrà bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa á, kò ní rí i fà, gìrì yóò sì mú un.

Ní ti oògùn, láti ọjọ́ 40 ni dókítà lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní fenbendazole lójoojúmọ́ títí di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìbí, kí aràn má baà gba inú ibi ọmọ (olóbi) wọ ara ọmọ. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ má fún un ní ohunkóhun láìbéèrè: kì í ṣe tetracycline, kì í ṣe àgbo, kì í ṣe oògùn eégbọn pàápàá.

Ìbí

Ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, ẹ fi pákó kan àpótí tí yóò gbà á dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kí ògiri rẹ̀ ga tó láti dá ọmọ dúró, kí ẹ sì kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí inú rẹ̀ ká ní ìwọ̀n ọwọ́ díẹ̀ sílẹ̀, kí ìyá má baà tẹ ọmọ mọ́ ògiri. Ẹ gbé e síbi tó dákẹ́. Ẹ kó àṣọ tówẹ̀lì, òwú ìránṣọ, sísọ́ọ̀sì tí a ti sè nínú omi, àyódíìnì, ìwọ̀n ilé ìdáná àti iná tọ́ọ̀ṣì jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ kọ nọ́ńbà dókítà sára ògiri.

Láti ọjọ́ 57, ẹ máa fi tẹmómítà wọn ìgbóná ara rẹ̀ láti ihò ìdí, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó máa ń wà láàárín dígírì Celsius 38 sí 39. Bí ó bá já wálẹ̀ kọjá 37.5, ọmọ yóò máa bọ̀ láàárín ọjọ́ kan sí i. Kò ní jẹun, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á máa fi ẹsẹ̀ wa aṣọ, á máa wo ìdí rẹ̀. Èyí lè gba wákàtí 6 sí 12, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má dààmú rẹ̀.

Nígbà tí ìrọbí gidi bá dé, ẹ ó rí ikùn rẹ̀ tó ń sún kì. Ọmọ yóò jáde nínú àpò awọ. Orí tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló lè ṣíwájú, méjèèjì ló dáa nínú ajá. Ìyá sábà máa ń já àpò náà, á sì lá ọmọ títí tí yóò fi ké. Bí kò bá ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ fi ìka ya àpò náà níbi imú, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ fi tówẹ̀lì pa á lára gidi pẹ̀lú orí rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ẹ má fi ọmọ jù láfẹ́fẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe, ọpọlọ rẹ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀. Bí ìyá kò bá gé ìwọ́, ẹ fi òwú so ó ní bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí ikùn, ẹ gé e ní apá ìso tó jìnnà sí ikùn, ẹ fi àyódíìnì kàn án. Ẹ ka olóbi tó ń jáde, kó bá iye ọmọ mu.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ló sábà máa ń wà láàárín ọmọ kan sí èkejì. Àwọn àmì tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sùn lé lórí nìwọ̀nyí:

- ó ń rọbí gidi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọmọ kankan kò jáde;
- ó lé ní wákàtí méjì láti ìgbà tí ọmọ kan ti jáde, ẹ sì mọ̀ pé ó ṣì ku;
- omi aláwọ̀ ewé jáde kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé;
- ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, kì í ṣe pé ó ń kán;
- ọjọ́ 68 ti kọjá.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un ní oxytocin nínú ilé. Bí ọmọ bá ti há lọ́nà, abẹ́rẹ́ yẹn yóò kàn máa ti ilé ọmọ lu ohun tí kò lè jáde, títí tí yóò fi bẹ́. Ojú mi ti rí i lẹ́ẹ̀kan, lára ajá aládùúgbò, mi ò sì fẹ́ rí i mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ

Ọmọ ajá kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó fẹ́ kí ibi tó sùn sí gbóná tó bí dígírì 30, nínú ọyẹ́ pàápàá. Bí iná bá lọ, mo máa ń da omi gbígbóná sínú ike, mo fi tówẹ̀lì wé e nípọn, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan àpótí, kí ẹni tí ooru bá ti pọ̀ jù lè rà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ má gbé ìkòkò èédú sínú yàrá tí a tì, ẹ sì má gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọn. Èéfín tí ẹ kò gbóòórùn ni yóò pa wọ́n.

Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ mu ọmú láàárín wákàtí 12 àkọ́kọ́, torí wàrà àkọ́kọ́ yẹn ló gbé àjẹsára ìyá. Ẹ máa wọ̀n wọ́n lójoojúmọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó dáa yóò ti wúwo ní ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró, ẹ gbé e sí ọmú ẹ̀yìn, èyí tó sábà máa ń ní wàrà jù. Bí ẹ bá ní láti fi fídà fún un, kó dojú bolẹ̀ bí ẹni tó ń mu ọmú. Ẹ má dá a délẹ̀ bí ọmọ ènìyàn, wàrà á wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ìyá yóò jẹ ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, omi kò sì gbọ́dọ̀ tán níwájú rẹ̀. Ẹ máa fọwọ́ tẹ ọmú rẹ̀: èyí tó le, tó gbóná, tó sì ń dùn ún, àrùn ti wọ ibẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin, kálísíọ̀mù rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹ gba ọmọ lẹ́nu ọmú, ẹ gbé ìyá lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ẹ̀jẹ̀ rírẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe nǹkan, èyí tó ń rùn ni àrùn.

Ojú wọn yóò là ní ọjọ́ 10 sí 14. Oògùn aràn bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ máa tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í lá oúnjẹ tí a fi omi rẹ. Àjẹsára páfò àkọ́kọ́ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, a ó máa tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin títí tí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ẹ má tà wọ́n kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Oníbàárà yóò máa pè yín ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, owó á máa dán lójú. Ọmọ tí a mú kúrò lọ́dọ̀ ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀ nígbà yẹn kò tíì kọ́ bí a ṣe ń fi eyín ṣeré láìdunni, àjẹsára rẹ̀ kò sì tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kú lọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ ṣì máa ṣọ́ ìyá. Lẹ́yìn hítì èyíkéyìí, bó bímọ bí kò bímọ, tí ẹ bá rí i tó ń mu omi lámujù, tí kò jẹun, tí ikùn wú tàbí tí ọyún ń jáde lábẹ́ rẹ̀ láàárín oṣù méjì, ilé ọmọ rẹ̀ ti kún fún ọyún. Ó ń pa ajá láàárín ọjọ́ díẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló sì ń gbà á là.

Ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀yìnlàárò tún dé ní oṣù keje lẹ́yìn tó bí àwọn méje yẹn. Irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni, egungun ìhà rẹ̀ ṣì ń hàn díẹ̀. Olákọ pè mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣí ojú ìwé tuntun, mo kọ déètì náà sí i, mo sì lọ ti géètì ẹ̀yìnkùlé.